Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Kérésìmesì 2025 nílé wa ní Ìbàdàn

Ọ̀dọ̀ wa ni ẹbí ọkọ mi fẹ́ ṣe Kérésìmesì sí lọ́dún 2025. Láti ìgbà tí bàbá ti papò dà ni Màámi, ìyá ọkọ mi, ti sọ pé àwọn kò ní máa dáná ọdún fúnra wọn mọ́, pé ilé àwọn ọmọ ni àwọn yóò máa yí kiri. Ó wá kàn wá. Ó tó ọgbọ̀n ènìyàn, n ò tíì ka ọmọdé. Iṣẹ́ oṣù ni èmi àti ọkọ mi ń ṣe, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa fún ní ìsinmi nínú wa títí di ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ. Mo bá ṣí ìwé fún iṣẹ́ náà bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé, mo sì ń kọ ohun tí a ṣe sínú rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀wàrà: ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà

Kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan ni mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo fi máákà fa ìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fi ìṣó kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń ṣètò ọdún, wọn a kọ oúnjẹ sọ́tọ̀, aṣọ sọ́tọ̀, ilé títún ṣe sọ́tọ̀. Èmi ò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ wà ni mo fi pín in. Ìlà àkọ́kọ́ ni ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn: télọ̀, bàbá onífíríìjì, wẹ́dà, ẹni tó ń ta òròmọdìẹ, gáàsì. Ìlà kejì ni ohun tó wà lọ́wọ́ wa tó sì ṣeé ṣe sílẹ̀: ata, ṣin-ṣín, ẹ̀wà bíbó, ìrẹsì ṣíṣà. Ìlà kẹta ni ohun tí kò ṣeé ṣe sílẹ̀ rárá: kí a se ìrẹsì, kí a lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, kí a din dòdò.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí ata bá pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo lè fi òru ọjọ́ kan parí rẹ̀. Bí aṣọ bá pẹ́ lọ́wọ́ télọ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Tí oṣù Ọ̀pẹ bá sì ti wọlé, gbogbo ìlú ló ń bẹ télọ̀ kan náà, wẹ́dà kan náà, onígáàsì kan náà. Iṣẹ́ ìlà àkọ́kọ́ ni a ó fi oṣù Ọ̀wàrà àti Bélú ṣe. Ìlà kejì lè dúró de Ọ̀pẹ. Ọkọ mi wò ó, ó ní àwọn obìnrin ti ń ṣọdún láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí kàlẹ́ńdà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní òótọ́ ni, àwọn obìnrin náà kì í sì í sùn lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Aṣọ

Ọjà Gbági la ti ra ańkárá, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ télọ̀ kí oṣù Ọ̀wàrà tó parí. Sátidé 29 oṣù Bélú ni mo dá fún un, nítorí pé ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì. Mo ní ọjọ́ yẹn la fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ kọ́. Ká ní ó dé, à bá wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀pẹ ló dé, ti ọmọ wa kékeré sì fún un lábíyá. Ṣùgbọ́n àyè ṣì wà láti tú u, kí a sì gbé e jáde díẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ sínú ojú rírán, kí ètí ìsàlẹ̀ ṣòkòtò náà sì nípọn, nítorí ọmọdé tí a wọ̀n ní oṣù Ọ̀wàrà kọ́ ni yóò wọ aṣọ náà ní Kérésìmesì.

28 oṣù Ọ̀wàrà: òròmọdìẹ dé

Kò sí ohun tó ń gbówó lérí lọ́sẹ̀ ọdún bí adìẹ. Ohun tí olówò bá pè é náà ni. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sìn ín. Oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ni àkùkọ àgíríìkì máa ń gbà kó tó tóbi dáadáa, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ẹ, oṣù Ògún ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Àwa pẹ́ jù fún ìyẹn. Bùrọ́ílà, adìẹ ẹran tó ń yára dàgbà, ni a mú, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó láti pa á. Mo ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti Sátidé 20 oṣù Ọ̀pẹ tí a fẹ́ pa wọ́n, ó bọ́ sí ìparí oṣù Ọ̀wàrà.

Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé la kó wọn sí. A ta ẹ̀rún pákó sílẹ̀, a fi páálí yí wọn ká, a sì gbé ìkòkò èédú sáàárín. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru tó tó 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fẹ́, lẹ́yìn náà a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A ò ní ohun tí a fi ń wọn ooru, ṣùgbọ́n adìẹ fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́. Tí wọ́n bá gun ara wọn lórí lẹ́bàá iná, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá mọ́ ògiri, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na ìyẹ́, ooru ti pọ̀ jù. Tí wọ́n bá fọ́n ká, tí ọ̀kan ń jẹ, tí ọ̀kan ń mu, tí èkejì na ẹsẹ̀ gbọọrọ tó ń sùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Fèrèsé kan kò gbọdọ̀ tì pa, torí èéfín èédú tí a kò rí ń pa adìẹ, ó sì ń pa ènìyàn.

Sítátà, oúnjẹ òròmọdìẹ, ni wọ́n jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà a gbé wọn sórí fíníṣà, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ títí di ọjọ́ pípa. Oògùn àjẹsára wọn, ti àrùn Gumboro àti Lasota tí í ṣe ti àrùn Newcastle, inú omi mímu la ń pò ó sí. Omi kànga la lò, nítorí oògùn tí wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ máa ń ba àjẹsára jẹ́. A á kọ́kọ́ gbé omi kúrò níwájú wọn fún bíi wákàtí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, tí a bá wá gbé e padà, gbogbo wọn á mu. Díẹ̀ kú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò ju ohun tí a ti fojú sọ́nà fún lọ. Ọmọ wa ọkùnrin ló ń tọ́jú wọn lówùúrọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, ó sì ti sọ wọ́n lórúkọ, èyí tí mo mọ̀ pé yóò di wàhálà níwájú.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Bélú: fírísà

Èyí ni mo rò pé ó gbà mí lọ́wọ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Kò sí ohun tí a lè ṣe sílẹ̀ tí fírísà kò bá dì í mú. Tiwa ti pẹ́, yìnyín sì máa ń hù sí igun rẹ̀ kan ṣáá, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sì í sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe mọ ibi tó ń jò. Mo gé bébà tó fẹ̀ tó ìka méjì. Mo fi há ẹnu ìdérí, mo pa á dé, mo wá fà á. Níbi tí rọ́bà bá ti dì mọ́ ara fírísà, bébà á ya kó tó jáde, tàbí kó fi agídí jáde. Níbi tí kò bá dì, bébà á yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ń gbé bébà náà yí ẹnu fírísà ká ní ìbú ọwọ́ kan sí ìbú ọwọ́ kan, mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ti yọ. Ẹ̀gbẹ́ iwájú dára. Ẹ̀yìn, nítòsí ìdè ìdérí lápá òsì, bébà ń jáde láìfà.

A pa iná rẹ̀, a jẹ́ kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀, torí ẹni tó bá fi ọ̀bẹ gún páìpù tó wà lára ògiri inú fírísà, ọ̀rọ̀ ti di ti gáàsì àti owó ńlá. Mo fi omi gbígbóná díẹ̀ àti ọṣẹ fọ rọ́bà náà, pàápàá inú àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ẹja tó ti gbẹ àti ìdọ̀tí ti dì sí. Níbi tó ti lọ́, mo fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lórí títí ó fi rọ̀, mo fọwọ́ nà án, mo sì pa ìdérí dé kó lè gba ìrísí ibẹ̀. Fasẹlíìnì fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi pa á lára kó má baà sán.

Ìyẹn tún èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n igun tó wà lẹ́yìn ti ya, yíya kì í sì í gba fasẹlíìnì. Bàbá onífíríìjì wá, ó wò ó, ó wọn ìdérí, ó ní rọ́bà ìwọ̀n yẹn kò sí nílẹ̀, àfi kí àwọn wá a. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan kó tó padà wá. Inú oṣù Bélú la wà, n ò bá a jà. Nígbà tó fi rọ́bà tuntun sí i, a tún fi bébà yẹ̀ ẹ́ wò níwájú rẹ̀ kí a tó sanwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í fi bébà dán iṣẹ́ òun wò. Mo ní kó má bínú o, bàbá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ iná. Ohun tó bá wà ní 18 sísàlẹ̀ òdo lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì yóò pẹ́. Tí iná bá lọ, fírísà tó kún dẹ́nu tí a kò ṣí lè di òtútù rẹ̀ mú fún bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì kò lè ju bíi wákàtí 24. Nítorí náà, níbi tí ẹrù kò bá tíì wà, ike omi la tò síbẹ̀ kó dì. Mo gbé ife kékeré kan tí omi rẹ̀ ti dì sórí ẹrù, mo sì fi kọ́ìnì lé yìnyín náà lórí. Tí iná bá lọ tó tún padà dé nígbà tí a kò sí nílé, kọ́ìnì ni ẹlẹ́rìí: tó bá ṣì wà lókè, kò sí nǹkan. Tó bá ti rì wọnú yìnyín, ohun tó wà nínú fírísà ti yọ́ kó tó tún dì, a ò sì gbọdọ̀ gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ fún àlejò.

Ìparí oṣù Bélú: ààrò rímù

Ìkòkò ìrẹsì ọgbọ̀n ènìyàn kì í jókòó sórí gáàsì inú ilé. Rímù ọkọ̀ àjàgbé la gbé fún wẹ́dà pé kó bá wa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i, kó sì gé ẹnu sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí igi yóò máa gbà wọlé. Ó ṣe é, a sì fi ìkòkò omi dán an wò ní ọjọ́ náà gan-an. Èéfín ni. Ìdí ìkòkò bo ẹnu rímù pátápátá, iná kò ríbi mí. Wẹ́dà tún jó irin kékeré mẹ́ta mọ́ ètí rẹ̀, tí wọ́n ga tó ìka méjì, kí ìkòkò lè jókòó lé wọn. Iná wá ń yọ ahọ́n jáde lábẹ́ ìkòkò yíká. Ẹni tó bá ń ṣe irú rẹ̀, kó sọ fún wẹ́dà láti ìbẹ̀rẹ̀.

A kún gáàsì lọ́sẹ̀ yìí kan náà, nígbà tí kò tíì sí èrò níbẹ̀, a sì fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti so mọ́ sìlíńdà. Kò hó. Ó dára.

6 oṣù Ọ̀pẹ: ata

Ọjà Ṣáṣá la lọ, kí ojú tó mọ́ dáadáa. Ibẹ̀ ni tòmátò àti ata láti òkè Ọya ti máa ń sọ̀ sí Ìbàdàn, agbọ̀n agbọ̀n ni wọ́n sì ń tà á. Àǹtí mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló bá mi lọ, torí wọ́n mọ̀ ọ́n nájà jù mí lọ. Wọn kì í wo òkè agbọ̀n rárá. Ọwọ́ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tí wọ́n bá fà á jáde tó rin, wọ́n á kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìsọ̀rọ̀.

Ilé la ti ṣa á. Tòmátò tó le dúró gedegbe, èyí tó ti rọ̀ lọ́tọ̀ fún lílò lọ́jọ́ náà, èyí tí ìdí rẹ̀ dúdú ni a gé. Tàtàṣé, rodo, ṣọ̀ǹbọ̀, àlùbọ́sà. Ẹ̀rọ ìlọta tó wà ládùúgbò kò lérò, ẹ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ 24, ẹ máa rí i bí korobá ṣe ń tò dé ojú títì. A gbé e ka ààrò rímù, a sè é láìfi epo tàbí iyọ̀ sí i títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tó ń ta pọ́pọ́, tí ọmọrogùn sì ń fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àkókò wà. Ẹni tó bá ní ata tó ti gbẹ nílẹ̀, ọbẹ̀ ìdajì wákàtí ló kù un.

Nígbà tó tutù tán, a bù ú sínú ọ̀rá, bíi lítà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A lé afẹ́fẹ́ jáde, a so ó, a sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tíréè kí ó tó wọ fírísà. Ọ̀rá tó dì roboto bí orí ọmọ kì í yára dì, kì í yára yọ́, ó sì ń jẹ àyè. Èyí tó dì pẹlẹbẹ, a máa ń tò ó dúró bí ìwé nínú àpótí. A fi téèpù kọ ọ́ sára: ata ọbẹ̀, ata ìrẹsì. Èyí tó wà fún ìrẹsì kò ní ṣọ̀ǹbọ̀ púpọ̀ nítorí àwọn ọmọdé.

Ṣin-ṣín àti àwọn àlejò Èkó

Ṣin-ṣín, Sátidé tó tẹ̀lé e. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ: ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ẹyin, mílíìkì, áríwó. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e, nítorí ooru rẹ̀ ló ń jẹ́ kó rọ̀. Abẹ́ ibùsùn mi la gbé korobá rẹ̀ sí. Àwọn tó yẹ kó má mọ̀ ti mọ̀.

Àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó, mo ní kí wọ́n má fi ọkọ̀ ilẹ̀ ṣe é tí wọ́n bá lè rí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń kó èrò láti Èbúté Mẹ́ta wá sí Mọ́níyà, Mọ́níyà kò sì jìnnà sí wa. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nínú oṣù Ọ̀pẹ, ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn kan gbọ́. Àbúrò ọkọ mi ní ọkọ̀ òun ni òun fẹ́ kó ẹrù sí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án.

Abọ́

Ìwé kan wà tí n kò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nítorí kò yẹ kí àlejò kà á. Orúkọ àwọn tí a ó gbé oúnjẹ fún ni. Ìyá Ìbejì, onílé àtijọ́ wa, ìyá tó ń lọ ata, bàbá ọlọ́dẹ, àti Àlàájà ẹ̀gbẹ́ ilé wa tí wọ́n wà lókè pátápátá. Iléyá tó kọjá nínú oṣù Òkúdù, itan àgbò ni wọ́n gbé wá, kì í ṣe egungun ọrùn. Abọ́ tí a ó fi san án padà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìrẹsì tí a fi ẹsẹ̀ adìẹ lé lórí.

Ohun tó ń dààmú mi lọ́dọọdún ni pé abọ́ ń lọ, kì í padà. Lọ́tẹ̀ yìí, a fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì kékeré sí ìdí abọ́ kọ̀ọ̀kan àti inú ìdérí kúlà, a sì kọ iye tó jáde síwájú orúkọ ẹni tó gbà á. Màámi rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, o fẹ́ máa lọ gba abọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò?” Mo ní, “Rárá mà, mo kàn fẹ́ mọ ibi tó wà ni.”

20 sí 25 oṣù Ọ̀pẹ

Sátidé 20, a pa adìẹ. Ọmọ wa ọkùnrin ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, èmi ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. A gé wọn, a fi ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà bọ̀ wọ́n díẹ̀, a sì dì wọ́n sí fírísà. Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò padà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó ṣí ìdérí. Kọ́ìnì wà lórí yìnyín níbi tí mo fi í sí.

Ọjọ́ 23, a ṣa ìrẹsì, a bó ẹ̀wà, a sì tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù láìlọ̀ ọ́. Ẹ̀wà tí a ti lọ̀ máa ń kan, nítorí náà ìdájí ọdún gan-an ló lọ sí ẹ̀rọ. Ewé mọ́ínmọ́ín ti fọ̀ sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ 24, a din adìẹ, a yọ ata láti inú ọ̀rá, ọbẹ̀ jinná kí aago mẹ́sàn-án tó lù, gbogbo ilé sì sùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọdún, a dáná sí ààrò rímù ní ìdájí. Ìrẹsì ti wà nínú kúlà kí a tó lọ sí ìsìn òwúrọ̀. Àǹtí mi ló dúró ti mọ́ínmọ́ín.

Ohun tó kù nínú ìwé: ẹsẹ̀ ààrò kan ń mì, yóò padà sọ́dọ̀ wẹ́dà nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ́n. Abọ́ mẹ́ta kò tíì dé, mo mọ ilé tí wọ́n wà. Lọ́dún 2026, àkùkọ ni a ó sìn, òròmọdìẹ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún. Jímọ̀ ni Kérésìmesì yóò bọ́ sí lọ́dún náà, Àlàájà yóò sì lọ sí mọ́sálásí lọ́sàn-án, nítorí náà kí abọ́ tiwọn ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí aago méjìlá tó lù.